Ẹni Tí Gbogbo Asafo Ń Rojọ́ Fún

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Asafo kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síta ilé rẹ̀ lórí àga onírọ́bà, tí kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọjá, ẹ ò mọ̀ mí. Ẹ ṣáà ń kí mi pé, "Maame, maadwo," ìyẹn ni pé ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, èmi náà á sì dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n àkókò kan wà tí ẹ ò ní ráàyè gbé ẹsẹ̀ sí níwájú ilé yẹn, nítorí èrò tó ń wá rojọ́ fún mi. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, kí wọ́n máa ṣojú àwọn ará àdúgbò nínú ìgbìmọ̀. Ìdí rèé tí mo fi ní kí n sọ bó ṣe rí fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì wù lẹ́yìn náà, kó lọ ṣe é.

Sèkínátù ni orúkọ mi. Kumasi níbí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kó ẹrù wọn kúrò nílùú, àwọn òbí mi kó tiwọn, àwọn àbúrò mi sì bá wọn lọ. Èmi nìkan ló kù, nítorí mo ti fẹ́ Kwaku, ọmọ Asante, awakọ̀ lọ́rì ní Asafo. Mo rántí bí ìyá mi ṣe yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀, tó ní, "Sèkína, máa jẹun o." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ nìyẹn. Ọlọ́run kò fún èmi àti Kwaku lọ́mọ. Kò sì pẹ́ tí jàǹbá ọkọ̀ fi pa á lójú ọ̀nà Tamale. Mo bá lọ kọ́ iṣẹ́ taípù, kí n lè rí nǹkan jẹ.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn lẹ́nu. Olórí ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, wọlé ìbò, ó di aṣòfin ní Accra. Ó ń wá ataípù tó gbọ́ Twi, tó gbọ́ Hausa, tó gbọ́ òyìnbó. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo tún fi Yorùbá lé e. Ó gbà mí. Ti owó iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Tíṣà ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. London ló ti kàwé nígbà èwe rẹ̀, ilé tó sì gbé níbẹ̀, ilé aṣòfin òyìnbó kan ni. Ó máa ń sọ ìtàn ọkùnrin náà fún mi bí ẹni ń sọ ti bàbá rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni òyìnbó yìí ti máa ń wà ní ilé ìgbìmọ̀ wọn, tí á máa sọ̀rọ̀ ńláńlá nípa ogun àti owó orí. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú tó dìbò fún un, á jókòó sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó tutù bíi yìnyín, àwọn èèyàn á sì máa wọlé tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrùlé ẹnì kan ń jò. Onílé ẹlòmíì fẹ́ lé e síta. Ọmọ ẹlòmíì wà lẹ́wọ̀n. Á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà ni Tíṣà wò kọ́ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì á ti Accra dé. Láàárọ̀ Sátidé á jókòó sí yàrá inú ní ọ́fíìsì wa ní Asafo, èmi á wà ní yàrá ìta pẹ̀lú ẹ̀rọ taípù mi, màá máa gba èèyàn wọlé.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, obìnrin kan wá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ẹbí ọkọ sì ti gba ilẹ̀ tí ọkọ fi sílẹ̀ fún un. Ó ń sunkún débi pé kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí opó ni èmi náà. Mo ní, "Maame, ẹ má sunkún mọ́. Ọ̀gá wa máa bá yín gbà á padà." Ó nu ojú, ó wọlé lọ bá Tíṣà, ó jáde, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi dé ojú títì. Tíṣà bá pè mí.

"Sèkínátù, ta ló ní kí o ṣèlérí?"

"Tíṣà, ẹkún rẹ̀ ló ká mi lára."

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn wà ní kóòtù. Mi ò lágbára lórí kóòtù. Mo sọ fún un, ṣùgbọ́n tìrẹ ló ti kọ́kọ́ gbọ́, tìrẹ ló gbé lọ. Kí lo rò pé ó máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá délé?"

Mo fìdí lé àga tó wà níwájú rẹ̀.

"Á sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti padà. Dìde. Lọ bá a, kí o sọ òtítọ́ fún un fúnra rẹ."

Mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Bantama, níbi tó ń gbé. Mo bá òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọgbà. Wọ́n ti pa adìyẹ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ọ́. Obìnrin náà kò bú mi. Ó kàn yíjú sí ìkòkò tó wà lórí iná, ó ń ro ọbẹ̀. Ó ń rò ó, ó ń rò ó, kò wojú mi mọ́. Mo padà sí Asafo. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìlérí lẹ́nu mi mọ́ àfi ohun tí ọwọ́ mi bá ká.

Bí Tíṣà ṣe ń kọ́ mi nìyẹn. Mi ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ẹni tó wá rojọ́. Mi ò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu, kódà kó jẹ́ pé mo ti mọ ibi tí ó ń lọ. Èyí tó le jù ni pé ohunkóhun tó bá wọ etí mi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ gba ẹnu mi jáde. Mo rò pé ìyẹn rọrùn. Mi ò mọ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Rábíátù, Rábì là ń pè é. Ọmọ ará Ọ̀yọ́ ni, Kumasi ni wọ́n bí òun náà sí, a jọ lọ sí ilé kéú ni. Ọkọ tirẹ̀ níwèé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lé wọn. Aṣọ ló ń tà nínú ọjà kékeré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ìdí ìsọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, a ó sì máa sọ Yorùbá títí ọ̀rọ̀ á fi tán.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Mo rí ìyàwó alága àwọn awakọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí ló wá ṣe?"

"Ó wá kí Tíṣà ni."

"Sèkína! Èmi Rábì lo ń bá sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo kàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di òyìnbó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bi mí tí mi ò sọ, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń dín tirẹ̀ kù. Àwọn obìnrin yòókù sì wá ń ṣọ́ra. Bí mo bá dé ìdí ìsọ̀, ọ̀rọ̀ á dá. Wọ́n á ní, "Ẹ káàbọ̀ o," wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò.

Iṣẹ́ wa kò tíì gbó tí àwọn sójà fi gbàjọba. Wọ́n ti ilé ìgbìmọ̀ pa. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni èrò tán ní ọ́fíìsì wa. Àwọn tó ti máa ń dìde kí Tíṣà láti òdìkejì títì wá ń wolẹ̀ tí wọ́n bá rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó àwọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí abúlé òun lọ dá oko. Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀.

"Tíṣà, kí ni mo fẹ́ máa ṣe báyìí?"

"Tẹ taípù. Jẹun. Etí rẹ ṣì wà níbẹ̀, má jẹ́ kó di."

Abúlé yẹn ló kú sí. Ìgbà tí ìròyìn fi dé Asafo, wọ́n ti sin ín tipẹ́.

Mo gbé tábìlì sábẹ́ agboòrùn ní pápá Race Course, mo ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà. Ebi pa ìlú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Igbó ń jó, àgbàdo kò sí, àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Nàìjíríà sì ń dé pẹ̀lú báàgì lórí. Ọkùnrin kan nínú wọn wá jókòó síwájú mi, ó fẹ́ kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ tí mo kí obìnrin kan tó ń kọjá ní Yorùbá. Ó dìde dúró.

"Anagoni ni ẹ́!" Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá nìyẹn. "Àwọn èèyàn rẹ ló lé mi. Wọ́n fi ilé mi àti ọjà mi dù mí."

Mi ò sọ pé wọ́n lé àwọn èèyàn tèmi náà kúrò níbí. Mo ń wò ó. Ó wá jókòó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Lágòs fún mi, ti Mushin, ti onílé rẹ̀ tó sunkún nígbà tó ń lọ. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá tó já geere. Mo dá a lóhùn. A sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ṣé ẹ rí i, ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹnikẹ́ni ti jókòó sọ èdè ìyá mi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, ọmọ Asante tí inú ń bí sí mi ló sì wá bá mi sọ ọ́. Mi ò tún rí i mọ́.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dìbò yan aṣojú sínú ìgbìmọ̀ ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní àsẹ́ńbílì. Àwọn tó ti máa ń wá sí ọ́fíìsì Tíṣà wá bá mi pé kí n jáde. Ẹnì kan dìde níbi ìpàdé, ó ní ṣé àlejò ló máa ṣojú àwọn. Bàbá àgbà kan tó mọ Kwaku dá a lóhùn ní Twi, ó ní, "Ọkọ rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú wa. Ìyàwó kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbo lo tún fẹ́ kó lọ?" Mo wọlé ìbò. Owó oṣù kò sí nínú rẹ̀; mo ṣì ń tẹ taípù mi.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí wù, ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá. Gọ́tà tó dí ni. Ilé ìyàgbẹ́ tó kún ni. Ọkọ àti ìyàwó tó ń jà ni. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá fẹ́ pe ìpàdé, ẹni tó ń lu agogo ló ń lọ káàkiri láàárọ̀ kùtùkùtù. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wa ní gbohùngbohùn oníbátìrì, ohùn mi á sì máa ró bíi ti ẹlòmíì. Sátidé ni mo fi ṣe ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, gẹ́gẹ́ bíi Tíṣà. Láti àárọ̀ ni èrò á ti kún. Nígbà tí ọ̀sán bá rọ̀, oníkálùkù á lọ sílé, ilé á wá dákẹ́. Gbogbo wọn mọ ọ̀nà ilé mi. Kò sí ẹni tó ń gbà á láìní ẹjọ́.

Mo dé ibi ọ̀rọ̀ iná tó jó ọjà wàyí.

Ọjà kékeré tí Rábì wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ ti há. Bí ẹnì kan bá fi pátákó lé ìsọ̀ rẹ̀ síwájú, aládùúgbò rẹ̀ á fi kún tirẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ lè kọjá bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ̀. Rábì gan-an ló ṣáájú wọn.

"Sèkína, ṣé wàá fún wa ní ilẹ̀ míì ni?"

"Mi ò ní ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ ni mo ní kí ẹ sún."

"Ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ yẹn ni mo ń kó aṣọ mi sí."

Mi ò bá a jà. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìyá Rábì wà ní ilé ìwòsàn ní Bantama, lọ́sàn-án ọjọ́ kan èmi àti Rábì jọ lọ kí i. A jókòó ti ìyá, Rábì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan sáré wọlé pé Asafo ń jó.

Takisí kò lè dé ibẹ̀. A fi ẹsẹ̀ sá eré tó kù. Ọkọ̀ panápaná ti dé ṣáájú wa, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọjà ló dúró sí, kò lè wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ ya pátákó, iná ń sáré lórí páànù bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Aṣọ Rábì jó. Ti gbogbo wọn jó. Bàbá aránṣọ kan, Bàbá Ìdìrísù, ti jáde tẹ́lẹ̀. Ó tún padà wọlé nítorí máṣíìnì rẹ̀. Kò jáde mọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún mi.

Kí ilẹ̀ tó tutù, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Wọ́n ní èmi ló ń wá ọ̀nà, ọ̀nà sì ti là. Wọ́n ní mo rán èèyàn kó fi iná sí i. Wọ́n pe ìpàdé sí pápá ilé ìwé. Mo lọ. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Anagoni, kɔ wo kurom!" Ìyẹn ni pé kí Yorùbá yìí máa lọ sílùú rẹ̀. Àwọn tí mo ti gbọ́ ẹjọ́ wọn wà lára àwọn tó ń pariwo. Ìlú wo ni wọ́n ní kí n lọ? Mi ò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

Ẹnì kan béèrè pé níbo ni mo wà nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo wà ní Bantama. Wọ́n ní ta ló rí mi. Mo wo Rábì. Ó dúró láàárín àwọn obìnrin ọjà, ó bo orí, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró kó gbé ojú sókè. Kò gbé e. Mo ní, "Ọlọ́run rí mi." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Àwọn panápaná ló wá sọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹyin iná tí ẹni tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà nù ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé lọ sí ara pátákó. Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n tún ọjà kọ́, wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀, ọ̀nà tó gbòòrò. Nígbà tí ìbò tún dé, wọ́n dìbò fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó wá sọ fún mi pé, "Maame, a ṣì yín mú." Wọ́n kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹjọ́ wá.

Èmi àti Rábì ń kíra. Ní ọdún Iléyá, ó ń fi ẹran ránṣẹ́, èmi náà ń fi oúnjẹ ránṣẹ́. Mi ò dé ìdí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wá di Sátidé kan, mo gbé ojú sókè, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó wá rojọ́. Ó dúró títí ó fi kàn án.

"Àwọn ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ nílé, ní Ọ̀yọ́," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo wá rojọ́."

"Ta lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

"Èmi fúnra mi." Ó ń fi eteetí ìbòrí rẹ̀ nu ọwọ́. "Lọ́jọ́ yẹn ní pápá ilé ìwé. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n á lé èmi náà."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò pe orúkọ mi?"

"Ká ní mo pè ọ́, ṣé ò bá dáhùn?"

"Mi ò mọ̀, Sèkína. Títí di òní, mi ò mọ̀."

"Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ nìyẹn."

Ó sunkún. Mo dì í mú. Àwọn èrò tó kù ń wò wá, wọn ò gbọ́ ohun tí à ń sọ, nítorí Yorùbá ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó lọ, mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Mi ò ní ọ̀rẹ́ míì lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ mi, àmọ́ ìyẹn yàtọ̀.

Ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni rédíò. Nígbà tí àwọn rédíò FM dé Kumasi, àwọn èèyàn rí i pé àwọn lè tẹ fóònù láti ilé ìtajà, kí gbogbo ìlú gbọ́ ohùn wọn. Èrò Sátidé ń dín kù. Mo bi ọkùnrin kan pé ti gọ́tà rẹ̀ ńkọ́, ó ní, "Maame, mo ti sọ ọ́ lórí rédíò." Gọ́tà náà ṣì dí. Àwọn rédíò pe èmi náà lọ́jọ́ kan. Obìnrin kan tẹ fóònù wọlé, ó ń sọ ìṣòro rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Nígbà tó dánu dúró, mo dúró kó parí rẹ̀. Olóòtú bá ń ṣẹ́wọ́ sí mi. "Maame, ẹ sọ nǹkan! Rédíò ò gbọdọ̀ dákẹ́!"

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó mọ̀ ọ́n lò, Kofi. Twi rẹ̀ dùn bí oyin. Nígbà tí ìbò dé lẹ́ẹ̀kẹta, òun ni wọ́n yàn. Kò ṣèrú. Òun ni wọ́n fẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé àga síta láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìyá kan wá tí mi ò mọ̀ rí. Onílé ti fi ọgbà dí ọ̀nà tó ń gbà lọ pọnmi. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbọ́ ọ. Nígbà tó dákẹ́, mo sọ fún un pé èmi kọ́ ni aṣojú mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán?"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo di ìró mi, mo mú un lọ sí ilé Kofi. Bẹ́ǹṣì wà níta, èrò díẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí Kofi ṣe rí mi, ó dìde. Ó gba ìyá náà wọlé, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Inú mi dùn sí i, ẹ má bi mí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìyá jáde, mo dìde láti tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Maame?" Kofi ní. "Kí lẹ bá wá?"

Mo fẹ́ sọ pé mo kàn mú ìyá yẹn wá ni. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ó ti àga sí mi. Mo jókòó.

Mo ní, "Ilé mi dákẹ́ jù."

Ó ti mú ìwé, ó ti ṣí bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó gbé bírò náà sílẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́, Maame," ó ní. "Mo ń gbọ́."